Abọ́ Ìyá Ọkọ

Dókítà Oyèdèjì fún Olúwadáre ní oṣù mẹ́fà.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni. Owó ń rìn ní oríta Ore nígbà náà, ọkọ̀ gẹdú méjì sì ni Olúwadáre ní. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá rẹ̀, òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sí èyí tó pé àádọ́ta ọdún nínú àwọn méjèèjì. Olúwadáre ti pé mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bí rọ́bà," ni dókítà wí. "Ó yẹ kó máa fẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kọjá. Bọ́tà àti ọ̀rá màlúù tí ẹ ń jẹ ló ń mú un le. Ẹja àti òróró ẹ̀pà díẹ̀ kò ní ṣe yín bẹ́ẹ̀. Tí mo bá tún wọn ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí kò sì wálẹ̀, n kò mọ ohun tí mo tún lè sọ."

Magdalene, ìyàwó rẹ̀, fetí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n délé, ó kó gbogbo agolo bọ́tà fún àwọn ará ilé kejì. Òróró ẹ̀pà ṣíbí kan ló kù tó ń dà sí ọbẹ̀. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà.

Abọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ bí òun yóò ti ṣe é.

Abúlé Omifunfun ni Ẹfúnróyè, ìyá Olúwadáre, ń gbé. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wọ ọkọ̀ wá sí Ore, tòun ti abọ́ tánganran ńlá kan, ẹran màlúù ọlọ́ràá tó fi bọ́tà dín nínú rẹ̀. Gààrí àti iyọ̀ ló fi tọ́ ọmọ yìí. Ní báyìí tí ọmọ lówó, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ẹja ni oúnjẹ olówó.

"Fáráò ní kí ilé Jákọ́bù wá jẹ ọ̀rá ilẹ̀ Íjíbítì," ló wí. "Kò ní kí wọ́n wá jẹ panla."

"Ìyá, Léfítíkù ní gbogbo ọ̀rá ti Olúwa ni." Olúwadáre ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n fi ti Olúwa sílẹ̀ fún Olúwa."

"Olúwa kò ní eyín tó máa fi jẹ ẹ́. Ìwọ lo ní eyín."

Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí ọmọ bá ti lọ sídìí gẹdú ni ìyá ń dé, ìyàwó ló sì ń gbé abọ́ náà fún.

A kì í dá irú abọ́ bẹ́ẹ̀ padà. Ní ọdún tó ṣáájú, aya kan ní Ago Alaye dá ti ìyá ọkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú ẹran nínú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ìjọ ti ń gbààwẹ̀ lórí àjẹ́ ilé wọn, ìyá arúgbó náà kò sì rí ẹni kí i mọ́. Magdalene wà níbi àdúrà ọ̀hún.

Ó kúnlẹ̀ gba abọ́, ó dúpẹ́. Kí Olúwadáre tó dé nírọ̀lẹ́, abọ́ ti mọ́, fèrèsé ilé ìdáná ti ṣí sílẹ̀ kí òórùn ẹran lè jáde.

"Ṣé ó tán?" ni ìyá máa ń bèèrè lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.

"Abọ́ mọ́, Ìyá. Ọwọ́ yín dùn."

Ní oṣù kẹrin, Sàádátù ará ilé kejì rí Magdalene tó ń tú ẹ̀gbẹ́ búláòsì rẹ̀.

"Ìyá Bùsọ́lá, ṣé àbúrò Bùsọ́lá ló ń bọ̀ ni?"

Magdalene rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn di orí rẹ̀ le. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní ààwẹ̀ ni.

Olúwadáre ní tirẹ̀ rù. Ìyá rí i lọ́nà ọjà, ó yà wá sílé tààrà.

"Kí lò ń fún ọmọ mi mu, tí gbogbo ẹran tí mò ń dín kò fi hàn lára rẹ̀?"

"Ìyá, n kò fún un ní nǹkan kan."

"Tó bá kú, ìwọ ni n ó bi."

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ìyá bá wọn lọ sílé ìwòsàn kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Magdalene ní kí wọ́n máa wọlé, kí òun jókòó síta díẹ̀.

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ náà. Ó tún un wọ̀n. Ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ó ti wálẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ yín."

"Tòun ti gbogbo ẹran mi?" ni ìyá bèèrè.

"Ẹran wo, Ìyá?" ni Olúwadáre wí. "Láti oṣù mẹ́fà, n kò fojú kan ẹran yín."

Ìyá dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìbínú.

Magdalene wà lórí bẹ́ńṣì, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó sì ń fi ahọ́n tó wúwo sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, òun lòun jẹ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí Jésù ní kí ohunkóhun má ṣe ṣòfò.