Aṣọ Pupa Kẹta

Ó ti rẹ Fátúnàsè dé eegun. Òru kẹta nìyí tí òun àti Lámídì, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ti ń wá ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì òsì bàálù yìí. Lójú òfuurufú, agbára rẹ̀ á ṣàdédé lọ sílẹ̀, á tún padà bọ̀ sípò. Bó bá ti balẹ̀, ara rẹ̀ á yá gágá. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà, wọ́n ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, bàálù náà gbọ́dọ̀ kó èrò.

Fátúnàsè jókòó sáyè awakọ̀, ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tó fi bo etí. "Lámídì, ṣé o ti kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì?"

"Ó kù díẹ̀," ni ohùn kan wí jẹ́jẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Irin ń kan irin nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Lámídì ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ife tíì méjì lọ́wọ́.

Fátúnàsè wo ọ̀pá ìdarí ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe á so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Fátúnàsè tú tirẹ̀. Lámídì náà tú tirẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ó ti ṣá, òróró ẹ́ńjìnnì sì ń kán lára rẹ̀.

Nísàlẹ̀, irin tún kan irin. Fátúnàsè gbé bírò tó fẹ́ fi buwọ́ lùwé pé bàálù lè fò sílẹ̀, ó gba tíì.

"Jókòó," ó ní. "Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò tíì ṣe tán."