Ọbẹ̀ Ọjọ́ Tí Màmá Pa Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Wọn

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iná kékeré tó wà lẹ́yìn ọrùn ìyá rẹ̀ ni Fadérera kọ́kọ́ máa ń wò. Bí iná yẹn bá ń tàn, a jẹ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ eegun ẹ̀yìn màmá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ò ní ro wọ́n, wọn á nàró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti omi. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo arúgbó àdúgbò.

Láàárọ̀ yìí, màmá na ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn, wọ́n sì pa á.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Òní ló pé ọdún mẹ́wàá tí bàbá rẹ kú. Mo fẹ́ mọ adùn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Kán an sí mi lọ́wọ́."

Fadérera bu ọbẹ̀ tó ti sè nínú ìkòkò, ó kán an sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Màmá lá a. Òógùn ti bo iwájú orí wọn.

"Irú dà?"

Fadérera kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò fi irú sí i mọ́. Ojoojúmọ́ lẹ sì ń sọ pé ó dùn."

"Ìwọ lo sè é. Kí ni ǹ bá tún sọ?"

Ó na ọwọ́ kó tan ẹ̀rọ náà padà. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ìrora ti fún ojú wọn pọ̀.

"Fi í sílẹ̀. Lọ gbé ìkòkò padà síná, kí o fi irú sí i. Màá rọ́jú títí yóò fi jinná."