Ìka Lórí Awo Ẹ̀síréè

Ṣẹ̀gilọlá ò fọkàn tán Làmídì, ẹ̀rín rẹ̀ ò dénú. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe awo oníná kan tó ń gba ẹ̀síréè, kí èèyàn lè rí kòkòrò inú ẹ̀wà láì la ẹ̀wà. Bí awo náà bá dójú tì í níwájú àwọn ọ̀gá lọ́la, Làmídì ni wọn á gbéṣẹ́ fún.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ṣẹ̀gilọlá to ẹ̀wà sórí awo nínú yàrá iṣẹ́ wọn, ó sì kọ́kọ́ ya àwòrán kan láì tan ẹ̀síréè, bí wọ́n ṣe máa ń dán an wò. Ó yẹ kó dúdú bí kóró iṣin. Egungun ìka ọwọ́ ló yọ níbẹ̀.

"Làmídì, jáde níbi tó o sá pamọ́ sí, olójúkòkòrò!"

Ìta ni Làmídì ti dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, èébú ti tó. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ ló tì í mọ́ mi."

Ṣẹ̀gilọlá wẹ̀yìn, kò rẹ́nì kan. Ó tún àwòrán yà. Àwọn ìka náà ti di ẹ̀wà kan mú. Ó lanu kó ké pe Làmídì pé kó gba òun. Ẹ̀wà kan gbéra lórí awo jẹ́jẹ́, ó kọrí sí ẹnu tó là.