Ojú Tó Wà ní Àjà

Ilé náà kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí i, kò sì sí yàrá kan nínú rẹ̀ tí èèyàn ti ń fọwọ́ tan iná. Ojú kékeré kan ló wà ní àjà yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá wọlé, iná á tàn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí ohunkóhun ò mira níbẹ̀, iná á kú fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Bàbá Wáyà ló ṣe iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀, yàrá méjìdínlógójì, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Ara rẹ̀ yá gágá láàárọ̀ ọjọ́ tí Máníjà ilé iṣẹ́ tó wà nínú ilé náà ránṣẹ́ pè é. Ó ti gbọ́ pé Màmá tó ni ilé àti ilé iṣẹ́ náà ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá yìí sì ń kọ́ ilé méjì mìíràn lọ́wọ́. Bàbá Wáyà wọ bàtà tó ń dán, ó tilẹ̀ ya irùngbọ̀n.

Ó kan ilẹ̀kùn Máníjà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn ṣókùnkùn, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ dún nínú yàrá ni ìmọ́lẹ̀ yọ gbòò. Inú Bàbá Wáyà dùn sí bí ojú òkè ṣe yá tó. Máníjà ṣílẹ̀kùn, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní kó jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́bàá ògiri, ó sì ti tìmùtìmù orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àlejò lè ráyè.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Fáìlì ni Máníjà fẹ́ sọ. Obìnrin yìí ló ń tọ́jú ìwé ilé iṣẹ́ náà, òun nìkan ló sì ń wà ní yàrá fáìlì látàárọ̀ dalẹ́. Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìntì. Ògiri kan ló pín yàrá rẹ̀ àti ti Máníjà, wáyà yàrá méjèèjì tilẹ̀ jọ gba inú páìpù kan sọ̀kalẹ̀ ni. Máníjà tẹ́ ìwé tó tẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Lójoojúmọ́, iná yàrá fáìlì ń tàn ní aago mẹ́jọ, kì í sì pẹ́ tó fi ń kú, kò ní tàn mọ́ títí di ọ̀sán. Ti Máníjà wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ó tàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ó ń sùn ni, Bàbá Wáyà," ni Máníjà wí. "Ẹ̀rọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ ò purọ́."

Bàbá Wáyà ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Orí àkàbà ló ti bá Ìyá Fáìlì, eruku bò ó nímú, fáìlì mẹ́rin wà lábíyá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa òun, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkàbà tó gbẹ̀yìn.

"Èmi? Iná yìí ò kú mọ́ mi lórí rí. Níbo ni n ó ti ráyè sùn nínú gbogbo ìwé yìí?"

Omi yọ lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe Bàbá Wáyà gan-an. Ó ní kó bọ́ síta, ó wá dúró gbagidi láàárín yàrá bí òpó iná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, iná kú. Ó gbé ìka kan sókè, iná tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀, ojú òkè ò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Kí ló fẹ́ wá sọ? Bó bá ní iṣẹ́ òun ò péye, ilé méjì Màmá di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Ó padà sọ́dọ̀ Máníjà, ó fọwọ́ sí ìwé, inú rẹ̀ bàjẹ́.

Lọ́sàn-án, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti ṣèpàdé. Máníjà gbé ìlà àwọn yàrá láti inú kọ̀ǹpútà sórí ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìyá Fáìlì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Màmá bi Bàbá Wáyà bóyá iṣẹ́ náà dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú, bàtà rẹ̀ ló sì ń wò. Màmá mú bírò láti fọwọ́ sí ìwé ìdádúró Ìyá Fáìlì lẹ́nu iṣẹ́, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Mi ò tíì fojú ara mi rí bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ o."

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò le, Màmá. Kò sẹ́nì kankan lókè báyìí. Ẹ jẹ́ kó lọ sí yàrá rẹ̀, kó máa ju apá, ẹ ó rí i bó ṣe máa tàn lórí ògiri yìí."

Ìyá Fáìlì gòkè lọ. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì gbọ́ nígbà tó ṣílẹ̀kùn yàrá fáìlì.

Ìlà kan tàn lórí ògiri, "Yàrá Máníjà" ni wọ́n sì kọ sí i, bẹ́ẹ̀ Máníjà nìyí láàárín wọn tí ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Wáyà dìde kí ẹnikẹ́ni tó bi í, ó ní, "Màmá, èmi ni mo ṣi wáyà yàrá méjèèjì so mọ́ kọ̀ǹpútà, oorun yẹn kì í ṣe ti Ìyá Fáìlì."