Ìyókù Oríkì Àdìgún

Láago méje àárọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú ń pe ìyá wọn tó ti kú kí wọ́n lè gba oríkì kí wọ́n tó jáde nílé, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ohùn àwọn òkú tún dákú. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yẹn. Mọrẹ́nikẹ́, tó ń bójú tó o, mọ ohun tó yẹ: kó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń pè, kó ṣe ẹ̀dà ohùn gbogbo, kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo. Ló bá tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́wọ́. Ẹ̀rọ gé ìyókù gbogbo ohùn tó ń kì èèyàn lọ́wọ́ dànù, ó sì jí. Mọrẹ́nikẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu.

Lọ́sàn-án, bàbá arúgbó kan wọlé, ó ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, bá mi bẹ màmá mi. Wọ́n kì mí dé 'Àdìgún, ọmọ...', wọ́n bá dákẹ́. N kò pè wọ́n lánàá. Wọ́n ń bínú ni."

Mọrẹ́nikẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò: láago méje àárọ̀ yẹn gan-an ni ohùn náà gé.

"Bàbá, wọn ò bínú. Èmi ni mo gé e sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyókù fún mi, kí n dá a padà."

Bàbá mi orí.

"Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀, ọmọ mi. N kò kọ́ ọ rí."