Ìyàwó Inú Rédíò

Ní ìlú wa láyé ọjọ́un, Dáhùnsi nìkan ló ní rédíò tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀ kó sì fèsì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi agolo mílíìkì àti wáyà ṣe é, ó sì ta wáyà gígùn kan láti orí òrùlé dé orí igi àgbọn. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mọ́ládùn ìyàwó rẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí obìnrin kan ni ọkọ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

"Ta ni obìnrin yẹn?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Kò sọ ìlú rẹ̀ fún mi rí." Dáhùnsi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sí Mọ́ládùn gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí Dáhùnsi sùn sí Ìbàdàn, Mọ́ládùn mú àdá wọ yàrá rédíò. Ó gé wáyà, ó yọ bátìrì, ó sì kó wọn sọ sínú kànga. Bó ṣe padà wọlé, rédíò ń kùn.

"Ẹ káalẹ́, ìyáálé mi," ohùn obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ọkọ wa ní kí n máa bọ̀ nílé."

Owú Mọ́ládùn ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ. "Kò sí àyè fún ọ nílé yìí!"

Rédíò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá Mọ́ládùn àti ọkọ rẹ̀, ohùn kan náà sì dáhùn láti ibẹ̀ ketekete:

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti wọlé."