Àgbọ̀nrín Tó Ń Wọ Ọgbà Titus

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú Titus Akíntọ́lá lápá ọ̀tún, ó sọ fún gbogbo ilé pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe eré ọmọdé. Danielle, obìnrin tó ń wá tọ́jú apá náà, gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa fún un. Titus wo bọ́ọ̀lù, ó wo Danielle, ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà yí lọ sábẹ́ àga. Lẹ́nu ọ̀nà, Danielle sọ fún Mercy, ìyàwó Titus, pé bí apá náà kò bá jí kí ìgbà òtútù tó dé, ó ṣeé ṣe kó má jí mọ́.

Ó ti pẹ́ tí Mercy ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manhattan. Ó mọ bí ọkùnrin ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀ sórí àga, ẹ̀rù sì bà á gan-an. Àràárọ̀ ló máa ń jí ṣáájú ọkọ rẹ̀, á bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Staten Island, á tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kó tẹ́jú, kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté St. George lọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Ó ní ohun kan ti jẹ tẹ̀tẹ̀ òun.

"Bàbá Kànmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọmọ ọdẹ."

Ọmọ ọdẹ ni lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì kò ka ìbọn sí. Ọrun gígùn tó ga tó ènìyàn ló fi ń ṣọdẹ. Ó kọ́ Titus láti máa fi ojú ewé mọ ẹran tó jẹ ẹ́: òkété a máa gé e, àgbọ̀nrín a máa fà á ya. Titus tẹ̀pá tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì já igi tẹ̀tẹ̀ kan tí kò lórí mọ́, ó fi àtàǹpàkò ra ibi tó ti gé, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

"Àgbọ̀nrín ni," ó wí.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Mercy fèsì.

Àgbọ̀nrín kò kúkú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ń rìn láàárín títì bí onílé. Titus ki igi tẹ̀tẹ̀ náà bọ àpò. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé òun.

Ó ní kí Kànmí, ọmọ rẹ̀, bá òun wá pákó híkórì, igi líle tí òun yóò fi gbẹ́ ọrun. Kànmí ní òun yóò kúkú ra ọrun ìgbàlódé, èyí tó ní táyà kékeré lórí àti nídìí, tó sì ní awò tí wọ́n fi ń wọ̀nà.

"Ẹ̀rọ nìyẹn," ni Titus wí. "Ọrun ni mo ní kí o jẹ́ kí n gbẹ́."

Ó fi orúnkún di pákó mú, ó ń fi ọwọ́ òsì gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ ọ̀tún kàn sùn lé igi lásán níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dì í mú. Nígbà tó tún yá, ó ń fá a. Ọrun náà parí, ó dúró ga bí olówó rẹ̀, Titus sì ń fi í yangàn bí ìyá ọmọ tuntun. Ojoojúmọ́ ló ń fà á títí òógùn fi bò ó. Danielle dé, ó rí i, ó sì dá bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà sínú báàgì.

Bó bá ti rẹ Titus tó sì gbé ọrun ti ògiri, ẹran náà á tún wá. Kò rí i rí. Ẹ̀fọ́ kò sì wọ́n nínú ọbẹ̀ ilé náà. Mercy ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà lòun ti ń rà á. Titus a jẹ ẹ́, a sì yìn ín.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, Kànmí wá láti gba ọrun náà.

"Daddy, wọn ò gbà kéèyàn pa deer ní city yìí. Wọ́n máa arrest yín. Neighbor ti ń complain."

Titus dìde láìmú ọ̀pá. Ó jáde sẹ́yìn ilé, ó kọ ojú sí àpò tó ti ki koríko kún, tó gbé ti ògiri ọgbà láti máa ta lọ́fà, ó fi ọfà sí ọrun, ó sì fà á. Apá ọ̀tún lọ sẹ́yìn, ó lọ títí ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọfà náà wọ inú àpò títí dé ìyẹ́.

"Ó yá, wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Kànmí kò lọ gbà á. Mercy fi gèlè bo ojú, ó sunkún ayọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní bí apá ti yá yìí, bóyá àgbọ̀nrín náà kò ní wá mọ́.

"Yóò wá," ni Titus wí. "Mi ò tíì ṣe tán. Èyí tó le ju èyí lọ ni mo fẹ́ gbẹ́."

Nígbà tí Kànmí lọ tán, Titus mú òkúta ìpọ́nbẹ, ó pọ́n ẹnu ọfà, ó sì pọ́n ọ̀bẹ ìdáná Mercy mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mercy rọra ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bó ti máa ń ṣe, ó lọ bomi rin ọgbà. Titus yíjú sí ògiri, ó ń mí bí ẹni tó sùn.

Lára tẹ̀tẹ̀ tí àgbọ̀nrín jẹ kẹ́yìn ló ti rí i pé ọ̀bẹ ìyàwó òun kò mú mọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.